Poro tó tín-ín-rín bí irun orí: Bí ìrísí ọ̀nà omi ṣe ń gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ooru

Kò sí awakọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí mọ́tò kò tíì gbóná mọ́ lọ́wọ́ rí lójú ọ̀nà. Èéfín omi funfun á máa rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, awakọ̀ á rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á ní kí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sáré lọ wá omi wá. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tutù díẹ̀, wọ́n á fi àkísà ṣí ìdérí rédíétọ̀, wọ́n á da omi sí i, ọkọ̀ á sì tún gbéra.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èrò kì í fiyè sí ni bí inú rédíétọ̀ náà ṣe rí. Kì í ṣe agolo ńlá kan tí wọ́n kàn rọ omi sí. Ọ̀pọ̀ páìpù pẹlẹbẹ tóóró ni wọ́n tò jọ, tí omi gbígbóná ń gba inú wọn kọjá, tí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà láàárín wọn. Bí ẹnì kan bá yọ gbogbo páìpù wọ̀nyẹn kúrò, tó wá fi agolo kan ṣoṣo tó gba iye omi kan náà rọ́pò wọn, ọkọ̀ náà kò ní rìn jìnnà kó tó tún gbóná. Omi kò dín, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i kò dín. Ọ̀nà tí omi ń gbà nìkan ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló wà nídìí iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń bá bọ̀ láti ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe mọ́tò ni wọ́n fẹ́ mú tutù, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni, ìyẹn ègé sílíkọ́nì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní ṣíìpù. Wọ́n sì ti rí i pé bí omi ṣe pọ̀ tó nìkan kọ́ ló ń gba ṣíìpù lọ́wọ́ ooru. Bí ọ̀nà tóóró tí omi náà ń gbà bá ṣe rí, yálà ó jẹ́ róbótó tàbí onígun, yálà ó tọ́ tàbí ó wọ́, yálà ó gùn tàbí ó kúrú, ló ń pinnu iye ooru tó máa bá omi lọ àti iye iná mànàmáná tí wọ́n máa fi ti omi náà.

Ooru ńlá nínú ohun kékeré

Inú ṣíìpù kún fún àwọn ohun tíntìntín tó ń ṣiṣẹ́ bíi ṣúìṣì iná, tó ń tàn, tó ń kú, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ìgbà tí iná bá gba inú wọn kọjá ni wọ́n ń fi ooru díẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ Intel gbé ṣíìpù rẹ̀ tó ń jẹ́ 4004 jáde lọ́dún 1971, nǹkan bí 2,300 irú ṣúìṣì bẹ́ẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ṣíìpù Blackwell tí iléeṣẹ́ Nvidia fi han aráyé lọ́dún 2024 ní bílíọ̀nù 208 nínú. Iná tí irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ ń jẹ lè tó 1,000 wáàtì, ìyẹn bí iná tí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ń jẹ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni pé torí kó lè gbóná ni wọ́n ṣe ṣe áyọ́ọ̀nù, àmọ́ ooru ni ọ̀tá ṣíìpù. Ọ̀pọ̀ ṣíìpù ni wọ́n ṣe lọ́nà tí yóò fi máa dẹwọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ooru rẹ̀ bá ń sún mọ́ ti omi tó ń hó. Bí ooru náà bá ṣì ń pọ̀ sí i, á kú pátápátá kó má bàa jóná. Ẹni tó bá ti gbé fóònù sínú oòrùn ọ̀sán rí, tó wá rí i tó ń lọ́ra bí ẹni tó ń sùn, ti rí díẹ̀ lára ọ̀rọ̀ náà.

Fáànù ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò láti fẹ́ ooru kúrò lára kọ̀ǹpútà, fáànù náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà títí di òní. Àmọ́ afẹ́fẹ́ kò lè gbé ẹrù púpọ̀. Bí wọ́n bá bu afẹ́fẹ́ àti omi sínú igbá kan náà, ooru tí omi inú igbá náà lè gbà kó tó fi ìwọ̀n kan gbóná sí i ju ti afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 3,000. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ńláńlá fi ń padà sídìí omi.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Stanford lọ́dún 1981

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé ooru tí èèyàn lè gbà kúrò lára ṣíìpù kékeré kò lè pọ̀ púpọ̀. Lọ́dún 1981, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, David Tuckerman, àti ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, R. F. W. Pease, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tó yí èrò náà padà.

Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀ tó ń kọ ebè. Wọ́n mú ègé sílíkọ́nì kan tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, kò ju èékánná ọmọ ìka lọ. Wọ́n gbẹ́ poro gbọọrọ gbọọrọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ebè sì wà láàárín poro kan sí èkejì. Àmọ́ ẹ wo bí poro náà ṣe kéré tó: bí wọ́n bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìbú poro kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 péré nínú rẹ̀, bí irun orí tó tín-ín-rín. Ebè tó wà láàárín wọn náà jẹ́ 50. Jíjìn poro yìí jẹ́ nǹkan bí 300, ìyẹn ni pé ó jìn ní ìlọ́po mẹ́fà ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Wọ́n wá bo ojú rẹ̀, wọ́n sì ti omi gba inú rẹ̀ kọjá.

Omi náà gbé ooru 790 wáàtì kúrò lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó yẹn, ibi tó gbóná jù lọ lára ègé náà kò sì fi ju ìwọ̀n 71 Celsius lọ gbóná ju omi tó ń wọlé lọ. Ooru bí ti áyọ́ọ̀nù odindi ni wọ́n rọ sórí ohun tí kò ju èékánná lọ, síbẹ̀ kò jóná. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ lórí poro tín-ín-rín ti gbilẹ̀ káàkiri àgbáyé.

Ìdí tí poro tóóró fi lágbára

Ẹni tó bá ti fi ọkọ̀ ojú omi rìn rí mọ̀ pé omi etí bèbè kì í sáré bíi ti àárín odò. Bó ṣe rí nínú páìpù náà nìyẹn. Omi tó fara kan ògiri páìpù kì í fẹ́ kúrò lójú kan, àárín ni omi ti ń sáré jù lọ. Lọ́dún 1883, Osborne Reynolds ní ìlú Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da aró sínú omi tó ń gba inú páìpù tí ojú lè rí inú rẹ̀ kọjá, kó lè rí bí omi náà ṣe ń rìn. Nígbà tí omi ń lọ jẹ́jẹ́, ńṣe ni aró náà tẹ̀ lé e bí okùn òwú tó tọ́ gbọọrọ. Nígbà tí eré omi pọ̀ sí i, okùn náà já, aró dàrú mọ́ gbogbo omi.

Nínú poro tó tín-ín-rín bí irun, omi kì í sábà dàrú bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, ìpele kan kì í dà mọ́ èkejì. Nítorí náà, ooru tó wà lára ògiri gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ gba inú ìpele kan bọ́ sínú òmíràn títí yóò fi dé àárín. Omi kì í sì í jẹ́ kí ooru yára gba inú òun kọjá bíi ti irin. Bí ọ̀nà náà bá fẹ̀, omi àárín á ti sáré jáde kí ooru tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní omi téèyàn máa mu kò ní í ṣàn kọjá ẹni, àmọ́ nínú páìpù fífẹ̀, omi tó yẹ kó gbé ooru lọ ń ṣàn kọjá lófo.

Bí ọ̀nà bá tóóró, ibi tí ooru máa rìn kúrú. Bí ìbú ọ̀nà bá dín sí ìdajì, agbára tí omi fi ń gba ooru lára ògiri yóò di ìlọ́po méjì. Èrè kejì tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá pa páìpù róbótó kan tì, tí wọ́n fi mẹ́rin tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìdajì ti àkọ́kọ́ rọ́pò rẹ̀, àyè tí omi ń gbà kọjá kò yí padà, àmọ́ ògiri tí omi ń fara kàn á di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po méjì nípa ọ̀nà kíkúrú, ìlọ́po méjì nípa ògiri, gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ọgbọ́n tí àwọn ìyá wa ń lò nìyẹn tí wọ́n fi ń gé iṣu wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó sá a fún èlùbọ́, torí odindi iṣu kò lè gbẹ bíi ti èyí tí wọ́n gé.

Róbótó ni tàbí onígun?

Èyí tó wá ń fa àríyànjiyàn ni ìrísí ọ̀nà náà. Nǹkan kan wà tí àwọn onímọ̀ fi ń díwọ̀n rẹ̀, òǹkà tí wọ́n fi orúkọ Wilhelm Nusselt pè, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó gbé ayé láti 1882 sí 1957. Bí òǹkà yìí bá ṣe ga tó ni ooru ṣe ń yára bọ́ sínú omi.

Bí omi bá ń lọ lẹ́sẹẹsẹ, tí ooru ń wọlé déédéé láti ara gbogbo ògiri, tí òṣùwọ̀n fífẹ̀ ọ̀nà náà sì dọ́gba, ọ̀nà onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba máa ń ní òǹkà 3.11. Onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba ní 3.61. Róbótó ní 4.36. Èyí tó ga gbọọrọ, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ ìbú rẹ̀, ní 6.49.

Ìdí tí onígun mẹ́ta fi kẹ́yìn kò fara sin. Omi tó wà ní kọ̀rọ̀ igun há mọ́ àárín ògiri méjì, kì í lè rìn dáadáa, ńṣe ló ń gbóná síbẹ̀ tí omi àárín ń bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó ga gbọọrọ ní tirẹ̀ dà bí ọ̀nà àárín ilé méjì tó sún mọ́ra. Kò síbi tí omi wà nínú rẹ̀ tó jìnnà sí ògiri. Èyí wà lára ìdí tí poro Stanford fi jìn ju bó ṣe fẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn onímọ̀ tún ní òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí ọ̀nà kan ṣe ń dí omi lọ́wọ́ tó. Lórí òṣùwọ̀n yẹn, onígun mẹ́ta ní nǹkan bí 53, onígun mẹ́rin 57, róbótó 64, èyí tó ga gbọọrọ 82. Ìrísí tó ń gba ooru jù lọ náà ló ń ni pọ́ǹpù lára jù lọ. Ẹni tó bá kúrò lórí róbótó bọ́ sórí èyí tó ga gbọọrọ á jèrè ooru tó tó ìdajì sí i, àmọ́ ìdíwọ́ omi á fi ohun tó dín díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i. Èrè náà ju owó orí rẹ̀ lọ, síbẹ̀ owó kan jáde.

Ẹrù tó wà lọ́rùn pọ́ǹpù

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ètò tó dùn lórí ìwé ti ń forí ṣánpọ́n. Bí wọ́n bá dín ìbú páìpù róbótó kù sí ìdajì, tí wọ́n sì ní kí iye omi kan náà gba inú rẹ̀ kọjá, agbára tí wọ́n máa fi ti omi náà á di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Kódà nígbà tí wọ́n bá pín in sí páìpù mẹ́rin bí a ṣe wí lókè, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára náà máa jẹ́.

Nínú iṣẹ́ ti 1981, agbára tí wọ́n fi ti omi tó nǹkan bí 31 lórí òṣùwọ̀n tí fọkanáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà mọ́tò kékeré. Ìyẹn ṣì ṣeé ṣe fún ègé kan nínú yàrá ìwádìí. Bó bá wá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣíìpù nínú ilé kan, iná tí àwọn pọ́ǹpù ń jẹ á di ọ̀rọ̀ owó. Òwe ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àmọ́ ní ti iṣẹ́ yìí, dandan ni kí wọ́n wo ẹnu àáké kí wọ́n tó gbé e.

Ìṣòro mìíràn tún wà lára poro gígùn. Omi tó wọlé tútù ni, àmọ́ bó ṣe ń lọ ló ń gbóná. Apá ibi tí omi ti ń wọlé á tutù, apá ibi tó ti ń jáde á máa gbóná janjan, bẹ́ẹ̀ ṣíìpù kan náà ni. Ibi tó gbóná jù yìí ló sì ń sọ bí odindi ṣíìpù ṣe máa pẹ́ tó. Wọn kò sì lè tún ebè náà ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, torí ara ebè ni ooru ń gbà gòkè. Bí ebè bá ti fẹ́lẹ́ jù, ooru kò ní lè dé orí rẹ̀, ògiri gíga náà á sì di lásán.

Wọ́n gbin òpó sínú omi

Àwọn onímọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìrísí tí kò tọ́ gbọọrọ. Ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n gbà ni kí poro náà máa wọ́ bí ejò. Láti ọdún 1927 ni W. R. Dean, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé pé bí omi bá dé ibi tí páìpù ti tẹ̀, omi àárín tó ń sáré á fẹ́ máa lọ tààrà, á sì kọlu ògiri ìta, omi etí ògiri á sì yí padà wá sí àárín. Èyí ń po omi tútù àti omi gbígbóná pọ̀ láìjẹ́ pé eré omi pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gbin àwọn òpó tíntìntín sínú poro. Bí omi bá kọlu òpó, á pín sọ́tùn-ún sósì, á sì tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ lọ́tun. Ìpele omi gbígbóná tó ti ń nípọn lára ògiri á já.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wà lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lórí èyí. Lọ́dún 2013, O. O. Adewumi, T. Bello-Ochende àti J. P. Meyer gbé ìwádìí kan jáde láti Yunifásítì Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ìṣirò náà. Wọ́n ti bí ègé náà ṣe máa tóbi tó mọ́ ojú kan, wọ́n wá ń wá bí poro àti òpó róbótó inú rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí kí ibi tó gbóná jù lọ lára ègé náà má bàa gbóná púpọ̀. Inú èrò kan tí Adrian Bejan, ọmọ bíbí ilẹ̀ Romania tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1996 ni wọ́n ti mú ọgbọ́n náà. Bejan ní ohunkóhun tó bá ń ṣàn máa ń wá ìrísí tó máa jẹ́ kó rọrùn fún un láti ṣàn. Ó fi odò tó ní ẹ̀ka àti iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ká ara ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀nà kan ò wọjà

Àbájáde tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu wá láti ìlú Lausanne ní ilẹ̀ Switzerland lóṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Remco van Erp, Elison Matioli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní iléèwé ìmọ̀ ẹ̀rọ EPFL kò dúró dìgbà tí wọ́n máa fi poro lé ṣíìpù lẹ́yìn. Inú ṣíìpù gan-an ni wọ́n gbẹ́ poro náà sí, lábẹ́ ibi tí ooru ti ń jáde.

Wọn kò sì jẹ́ kí omi gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé kó wá gbóná lọ títí dé ìpẹ̀kun. Wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà púpọ̀ sí i. Omi tútù ń wọlé ní ibi púpọ̀, á rìn díẹ̀ nínú poro, á sì jáde kíákíá kó tó gbóná jù. Ó dà bí ọjà ńlá tó ní ẹnu ọ̀nà púpọ̀: èrò kì í há, ẹni tó bá wọlé kì í pẹ́ kó tó jáde.

Irú ìrísí yìí gbé ooru tó lé ní 1,700 wáàtì kúrò lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, agbára tí wọ́n sì fi ti omi lórí àyè kan náà kò ju 0.57 wáàtì lọ. Nígbà tí wọ́n fi wé poro tó tọ́ gbọọrọ, níbi tí ooru ti lé ní 1,000 wáàtì lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, èrè tí wọ́n ń rí lórí agbára pọ́ǹpù jẹ́ ìlọ́po 50. Omi kan náà ni, sílíkọ́nì kan náà ni. Ìrísí ọ̀nà ló yàtọ̀.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft kéde pé òun àti Corintis, iléeṣẹ́ kan ní Switzerland, ti ṣe poro sí ẹ̀yìn ṣíìpù ní ìrísí tó jọ iṣan ara ewé tàbí ti apá labalábá, tí omi fi ń lọ tààrà síbi tí ooru ti pọ̀ jù. Wọ́n ní nínú àyẹ̀wò tí àwọn ṣe, ó mú ooru kúrò ní ìlọ́po tó tó mẹ́ta ju irin pẹlẹbẹ olómi tí wọ́n ń gbé lé ṣíìpù lórí lọ.

Omi gbígbóná tó ń mú nǹkan tutù

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan òun. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ lábúlé láti orí fóònù ń gba inú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kọjá. Èsì ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń gba ibẹ̀. Ilé ńláńlá ni wọ́n ń kó àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí jọ sí. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, IEA, sọ lọ́dún 2025 pé iná tí irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ lọ́dún 2024 tó nǹkan bí ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo iná tí aráyé lò, ó sì lè ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ nígbà tó bá fi máa di 2030. Lára iná yìí ni wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ amúlétutù tó ń mú kọ̀ǹpútà tutù.

Ibí yìí ni ìrísí poro ti kan àwọn ilẹ̀ tó gbóná bíi tiwa. Bí ọ̀nà omi bá dára tó bẹ́ẹ̀ tí ooru ń yára bọ́ sínú omi, kò pọn dandan kí omi tó ń wọlé tutù. Lọ́dún 2010, iléeṣẹ́ IBM àti yunifásítì ETH ní ìlú Zurich fi kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Aquasar hàn, tí omi tó gbóná tó ìwọ̀n 60 Celsius ń gba inú ọ̀nà tóóró kọjá láti mú ṣíìpù rẹ̀ tutù. Wọ́n tún ń fi ooru tí omi náà gbé jáde mú inú ilé yunifásítì náà móoru. Lọ́dún 2012, kọ̀ǹpútà ńlá SuperMUC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Garching nítòsí ìlú Munich ní Jámánì, omi tó lè gbóná dé ìwọ̀n 45 ni wọ́n fi ń mú òun náà tutù.

Omi tó bá gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ lè fúnra rẹ̀ fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ náà, bí omi rédíétọ̀ ṣe ń ṣe, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Kódà nínú ooru ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí ìwọ̀n ooru ti lè tó 35, omi tó wà ní 45 ṣì ní ibi tó máa da ooru rẹ̀ sí. Níbi tí iná ìjọba kì í ti í dúró, tí wọ́n ń fi epo dísù tan jẹnẹrétọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni kí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù tì.

Iṣẹ́ ṣì kù. Ìdọ̀tí tí ojú kò lè rí tó láti dí poro tó tín-ín-rín bí irun, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ sẹ́ omi náà dáadáa. Ojúkò kan tó bá jò lè da omi lé iná lórí. Gbígbẹ́ irú poro bẹ́ẹ̀ sínú ṣíìpù tún ń fi owó kún owó. Àwọn ohun tí àwọn tó ń ṣe ṣíìpù ń dojú kọ lọ́wọ́ báyìí nìyí, tí wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá ìrísí tuntun tí ọwọ́ èèyàn kò lè yà.

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni poro kékeré wọ̀nyí rí. Awakọ̀ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà tipẹ́: omi ló ń pa ooru. Ìdajì tó kù wà nínú àwọn páìpù tóóró tó wà lábẹ́ ìdérí tó ń ṣí.